Àyè Òǹtẹ̀ Lazare

Anoumabo, Abidjan,
Ọjọ́ Sátidé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bọ́láṣadé,

Mo kí yín o, mo kí ọkọ yín, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí maṣíìnì ìránṣọ yín tí kì í sinmi. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ẹ̀yìn tó ń dùn yín sì ti fúyẹ́. Ara èmi náà le, ọkàn mi sì ti wálẹ̀. Ẹ máa ń sọ pé ohùn inú fóònù kì í dúró kéèyàn rí i dì mú, ìdí nìyí tí mo fi fi ìwé rán Tidjani, aládùúgbò mi níbí, tó ń bọ̀ wá sí Èjìgbò.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ pátápátá! Ẹ mọ̀ pé àkókò tí wọ́n fi ń dán mi wò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí wọn ò bá gbà mí, ṣọ́ọ̀bù Bùrọ̀dá Akíntáyọ̀ ní Abobo ni mò ń lọ, kí n máa bá wọn ta ike àti abọ́. Ìyá wa tilẹ̀ ti bá wọn sọ ọ́. Iṣẹ́ ọjà ò burú o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo lọ kọ́ nílé ìwé nìyẹn.

Ilé-iṣẹ́ wa máa ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní Port, èbúté ọkọ̀ òkun. Ẹrù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwé tó to ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, inú Excel ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Lazare, ọmọ Anoumabo tó ń gbé ìwé lọ sí Port, ló ti ya bátànì kan sílẹ̀ tipẹ́: àmì ilé-iṣẹ́ lókè, àwọ̀ ewé, àyè òfìfo láàárín, àti àpótí nísàlẹ̀ tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kún un. Madame Fatou, ọ̀gá wa, wá ní kí n kọ ètò tí kọ̀ǹpútà á fi máa kún un fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbéraga gùn mí. Mo ní kí ni mo fẹ́ fi bátànì ẹlòmíràn ṣe? Mo pa á tì, mo fi kóòdù ya gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ìlà, àwọ̀, ìbú, tó fi dé orí àmì. Ó dára lójú mi. Àmọ́ Madame á ní kí n sún àmì sápá òsì díẹ̀, mo padà sínú kóòdù. Wọ́n á ní àwọ̀ yẹn ti ki jù, mo tún padà. Kò sí ohun tí wọ́n ń pè ní gbogbo ọ́fíìsì ju « Déborah, viens voir », Dèbórà wá wò ó, lọ. Orúkọ mi sú èmi tí mo ni ín.

Mo bá gba bátànì Lazare. Irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí mo fi ṣí i ka inú rẹ̀ dáadáa, àmọ́ nígbà tó máa fi í pamọ́ padà, àmì àti àwọ̀ ti pòórá, bí adìyẹ tí wọ́n tu níyẹ̀ẹ́. Irinṣẹ́ kejì ló gbọ́ràn: àyè òfìfo nìkan ló ń kún, kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Inú mi dùn.

Kò pẹ́ tí oníbàárà kan fi kó ẹrù tó pọ̀ ju àyè inú bátànì lọ. Ètò mi ń kọ ọ́ lọ ràì, ó kọ ìkòkò àti ọṣẹ gba orí àpótí òǹtẹ̀ kọjá. Lazare gbé ìwé padà wá, ó na iwájú orí sí mi: « Déborah, cachet-là, on va taper ça où ? Sur mon front ? » Ó ń bi mí bóyá iwájú orí òun ni kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín, àfi èmi. Ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ kò lè gbé ẹrù jáde, Madame sì ti ní ọjọ́ Ẹtì ni àwọn máa pinnu ọ̀rọ̀ mi.

Inú gbaka, ọkọ̀ akérò wa níbí, ni mo wà, tí mò ń ro Abobo, nígbà tí mo rántí yín. Mo rántí páálí tí ẹ fi ń gé yunifọ́ọ̀mù. Bí ọmọ bá ga ju páálí lọ, ẹ kì í ju páálí nù, ẹ kì í sì í gé aṣọ kọjá etí rẹ̀. Àárín lẹ ti máa ń là á, ẹ ó sún ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó sì fi kún àárín, kí etí tí ẹ máa ṣẹ́ má bàjẹ́. Mo kígbe orúkọ yín nínú ọkọ̀! Ìyá tó jókòó tì mí bi mí bóyá wọ́n jà mí lólè ni.

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ètò mi wá ń kọ́kọ́ wo bí ẹrù ṣe pọ̀ tó, á sún àpótí òǹtẹ̀ wálẹ̀, á da ìlà inú bátànì kọ sáàárín, kó tó máa kún un.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Láìsọ fún mi, Madame ṣí bátànì náà fúnra wọn, wọ́n sọ àwọ̀ ewé di búlúù, wọ́n fẹ àyè kan lójú sí i, ìwé sì ń jáde ní búlúù, àyè òǹtẹ̀ wà nísàlẹ̀. Èmi ò mọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ o. Mo jókòó, mò ń retí kí wọ́n pè mí. Ẹnikẹ́ni ò pè mí. Nírọ̀lẹ́ ni Madame wá dúró tì mí: « On ne t'a pas entendue aujourd'hui, toi. Tu restes avec nous. » Wọ́n ní àwọn ò gbúròó mi lónìí, kò sí ohun tó mú kí àwọn pè mí, nítorí náà kí n máa bá àwọn ṣiṣẹ́ lọ.

Ẹ máa ń sọ pé aṣọ tó bá bá èèyàn mu, oníbàárà kì í gbé e padà wá. Mo sunkún, ẹ̀gbọ́n mi, ẹkún ìtura.

Kí Olúwa dá yín sí fún wa. Kí ojú yín má ṣe ṣú nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì ń wá okùn. Ẹ bá mi sọ fún Ìyá wa pé kí wọ́n má tíì rán mi lọ sí Abobo.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fi etí aṣọ tọ́ dàgbà,
Dèbórà.

Mo tún rántí: ẹ má jẹ́ kí òǹtẹ̀ tó wà lẹ́yìn àpòòwé já yín láyà. Lazare ló lù ú. Ó ní ìwé tí Déborah bá kọ kò gbọdọ̀ jáde ní Abidjan láìní òǹtẹ̀ mọ́.