Ohùn Rẹ Wà Nílé Thankamani

Sudheesh, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Bangalore ò pọ̀ jù, ṣé o sì ń jẹun lásìkò? Kí Bhagavati òrìṣà wa má gbójú kúrò lára rẹ. Ara èmi náà le, orúnkún nìkan ló ń dùn mí, màlúù wa ti bí abo, atẹ́gùn sì ti ká òrùlé ilé ìdáná lọ.

Inú ń bí mi sí ọ. Èwo ni kó o máa bá ọkọ Thankamani aládùúgbò wa sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, nígbà tó ti pẹ́ tó o ti pe èmi tí mo bí ọ? O mọ̀ pé Velayudhan ọkọ rẹ̀ ò ríran mọ́. Mo ń kọjá létí ọgbà wọn ni mo gbọ́ ohùn rẹ tó ń ka ìwé ìròyìn fún un, tó ń sọ iye tí wọ́n ń ra àgbọn. Mo sáré wọlé, mo ní Sudheesh, ìgbà wo lo dé, ṣé o ti jẹun? O ò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ àgbọn lò ń bá lọ. Mo bú ọ níbẹ̀, má bínú.

Thankamani ní fóònù ni, pé o gba ohùn rẹ sílẹ̀ sínú ètò orí fóònù kan tó ń kàwé fáwọn tí ò ríran, àti pé ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá wù ú lè wo bí ẹ ṣe ṣe é, kó sì tún un ṣe. Jameela tó ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé wa ní ìwọ lò ń bá òun kàwé fún wọn, iléèwé ò sì san nǹkan kan. Àwọn apẹja ń gbọ́ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí lẹ́nu rẹ kí wọ́n tó wọ òkun. Jameela ní obìnrin kan ní Sri Lanka tiẹ̀ rí ibi tó kù díẹ̀ káàtó nínú iṣẹ́ rẹ, ó tún un ṣe, ó dá a padà, ẹ sì ń kọ̀wé síra yín. Ọmọ ta ni? Ṣé ó mọ ẹja sè?

Gbogbo wọn ń kí mi kú oríire. Inú mi ò dùn rárá, owú ni mò ń jẹ. Èmi nìkan ni mo rọbí ọ, gbogbo abúlé wá ń pín ọ. Mo lọ gba ìkòkò máńgórò oníyọ̀ tá a fi ń jẹ ìrẹsì, tí mo fún Thankamani, padà, mo ní kó máa fi ohùn rẹ jẹ ìrẹsì.

Lánàá ó wá bá mi, kò bá mi jà. Ó tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, ohùn rẹ bá sọ pé Amma, ìyá mi, mo ti jẹun. Mo ní kó tún un tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ẹja rẹ̀ fi jóná lórí iná. Mo dá ìkòkò náà padà fún un.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi bo òrùlé. Thankamani ní kí n sọ fún ọ kó o ra irú fóònù yẹn fún mi, mo ní mi ò fẹ́. Ohun tí èèyàn bá tẹ̀ nìkan ló ń sọ. Èyí tó máa bi mí pé orúnkún ńkọ́ ni mo fẹ́.

Kí Bhagavati bá mi ṣọ́ ọ̀fun rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Bhargavi