Ẹni Tó Ń Pa Éésì Ọkọ̀ Mi

Sátidé, lẹ́yìn ìrun Màgàríbì

Ẹ̀rín ò tíì jẹ́ kí n jókòó dáadáa.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí ni éésì ọkọ̀ mi tó ń fi iná bátìrì rìn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tí mo bá gbé Bàbá mi láti Ìfọ́n lọ sí Ìlobù, ooru ni yóò máa fẹ́ sí wa lára. Tí mo bá wà á dé ọ̀dọ̀ rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe l'Óṣogbo, á tutù nini. Mo fọ asẹ́ rẹ̀, mo yẹ fíúsì wò, pàbó. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé kọ̀ǹpẹ́ṣọ̀ tó ń jẹ́ kó tutù ló fẹ́ kú.

Àfi bí mo ṣe rí ọwọ́ Bàbá lónìí. A ò tíì kúrò ládùúgbò tí wọ́n fi rọra tẹ bọ́tìnnì éésì, wọ́n pa á, wọ́n wá ń wo ìta bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Bàbá tí wọ́n máa ń pa iná mọ́ ẹni tó ń jẹun lójú.

"Bàbá, kí lẹ pa á fún?"

"Mò ń bá ọ ṣọ́ iná lò ni. Àbí o fẹ́ kó tán sójú ọ̀nà?"

Mo tan éésì padà, mo ní kí wọ́n máa wo bátìrì títí a ó fi dé Ìlobù. Díẹ̀ báyìí ló fi dín. Wọ́n yí ẹnu éésì kọjú sí ara wọn.

Nígbà tí a padà dé ẹnu ọ̀nà ilé, mo ní kí wọ́n máa sọ̀kalẹ̀. Wọ́n fa bẹ́líìtì wọn le sí i.

"Jẹ́ ká dé ìlú Ẹ̀rìn ná."