Ènì Tí Wọ́n Fi sí Nọ́ńbà Mi

Òwu, Abẹ́òkúta. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì ìdánwò, 1982.

Inú bí mi gan-an lónìí.

8191 ni mo kọ sínú ìbéèrè ìṣirò. Mo ní kí àwọn ọmọ fi hàn pé kò sí nọ́ńbà tó lè pín in dọ́gba, àfi ọ̀kan àti òun fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ràn nọ́ńbà yẹn. Fi méje pín in, á ṣẹ́ kù. Èyí tó wù kó o fi pín in, á ṣẹ́ kù ṣáá ni.

Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé wa ló ń bójú tó títẹ ìbéèrè. Ó rí i pé kò pín, ló bá sọ ọ́ di 8192. Kò tilẹ̀ bi mí!

Mo bá a ní ọ́fíìsì. "Sà, kí ló dé tí ẹ fọwọ́ kan nọ́ńbà mi?"

Ó ń rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ènì kan péré ni mo fi sí i, kó lè pín dáadáa. Ṣé wọn kì í fi ènì sọ́jà ní Ìtòkú ni?"

Ènì! Bí ẹni ń ra gàrí!

Gbogbo kíláàsì ló jókòó tí wọ́n ń làágùn lórí irọ́. Mùlíká ọmọ aláró nìkan ló kọ ọ́ pé: "Ẹ má bínú, Mà, nọ́ńbà yìí ń pín. Mo fi méjì pín in lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá, ó ku ọ̀kan." Igbákejì ọ̀gá ní kí n fún un ní òdo, torí kò ṣe ohun tí ìbéèrè ní kó ṣe.

Òdo kẹ̀!

Mo ti fún un ní mọ́kànlá nínú mẹ́wàá. Bó bá bi mí, màá ní ènì ni.