Mọ́mì Felicia, Igbó Etí Odò Ṣì Wà Níbẹ̀

Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti papòdà, Mọ́mì! Ọdún mẹ́ta tí a ò gbọ́ ohùn yín mọ́ nínú ilé ní Òmù.

Nínú àwa ọmọ yín, Ìdùnnú ti di nọ́ọ̀sì bíi tiyín. Ṣọlá ti ṣègbéyàwó, ó ti bí ọmọbìnrin. Orúkọ yín la sọ ọ́. Ilé tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ti parí, a ti fi ọ̀dà kùn ún. Ẹ ò sí níbẹ̀ láti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ẹyẹ yẹn? Nígbà tí ìjọba rán yín lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Jàmáíkà, erékùṣù tí òkun yí ká, ìròyìn ẹyẹ yẹn lẹ mú bọ̀. Ẹ ní ara rẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ, ó ń dán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ìrù akọ rẹ̀ dúdú, ó gùn ju ara rẹ̀ lọ. Ẹ ní yóò dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́, yóò máa fi ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ mu omi òdòdó, apá rẹ̀ yóò máa kùn bí oyin. Inú igbó orí òkè, níbi tí ìkùukùu ti ń bo igi, lẹ ti rí i. Dádì a máa rẹ́rìn-ín: "Felicia, o tún ti ń bù mọ́ ọn!"

Ẹ ò bá a jà. Ẹ kàn gbin òdòdó pupa sí etí odò lóko, ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má gé igbó ibẹ̀, torí àwọn ẹyẹ kéékèèké tiwa náà ń mu omi òdòdó.

Lọ́dún tó kọjá, Bọ̀dá Máyọ̀wá, àbúrò Dádì, fẹ́ gé igbó náà kó fi gbin ẹ̀gẹ́. Dádì gbà. Àwọn agégi gbé ẹ̀rọ dé. Dádì ṣáájú wọn wọ inú igbó, ló bá rí ìtẹ́ kékeré kan tó so rọ̀ lẹ́ka igi bí àpò, tí ìyá ẹyẹ ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Ó dúró, ó ń wò ó. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ẹ kó ẹ̀rọ yín padà sí ulé," ó fi ohùn Òmù sọ fún wọn.

Inú bí Bọ̀dá Máyọ̀wá. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹyẹ ni yóò máa bọ́ wa ni?"

Dádì dá a lóhùn pé, "Ìyàwó mi bẹ̀ mí nítorí igbó yìí, ẹ̀rín ni mo fi í rín. Mi ò ní gé e. Gba ilẹ̀ mi tó wà lọ́nà Ìrè, kí o gbin ẹ̀gẹ́ rẹ síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dun Bọ̀dá, kò yà sílé wa fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ta dáadáa, ó ti ń yà báyìí.

Mọ́mì, Dádì ń gbìyànjú. Ó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kí èèyàn. Ṣùgbọ́n tó bá di àkókò oúnjẹ, yóò gbé àwo rẹ̀ lọ sílé aládùúgbò. Ó ní kí a sọ fún yín pé òun ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dá jẹun.

Àwa náà ò tíì mọ̀ ọ́n. A fẹ́ràn yín, Mọ́mì. A fẹ́ràn yín gan-an ni!