Rósárì àti Ìbọn Lórí Ìṣó Kan

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ fojú inú wò ó, nítorí orúnkún mi kò gbọ́ràn mọ́. Mo kí Dúpẹ́ àbúrò mi, tó ń fi omi gbígbóná tọ́jú ẹsẹ̀ yín. Mo kí Bàbá Katikísì, tí yóò bá mi ka lẹ́tà yìí. Kí wọ́n kà á síta lẹ́yìn Mísà, kí gbogbo ìyá ìjọ gbọ́, nítorí Dúpẹ́ sọ pé àwòrán rósárì àti ìbọn tí wọ́n ń gbé kiri níbí ní Amẹ́ríkà ti dé orí fóònù yín ní Ọ̀kà.

Fúnmi ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ní bí mo bá ṣe wí i ni kó kọ ọ́, títí kan ibi tí mo ti bá a wí. Ó ń fajú ro báyìí.

Mo wà láàyè. Iṣẹ́ mi ni kí n wẹ ọmọ Fúnmi, kí n pọ̀n ọ́n, kí n máa wo ojú fèrèsé. Òtútù Amẹ́ríkà kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa. Bí ọyẹ́ bá bẹ́ ètè ẹni ní Ọ̀kà, oòrùn a yọ, a ó jókòó ti ògiri yá a. Níbí, oòrùn á yọ, kò ní mú nǹkan kan dání. Èyí tó burú ju òtútù lọ ni pé wọn kì í kíni. Nílé, kí n tó dé ọjà Ìkàrẹ́, ọ̀fun mi á ti gbẹ fún ìkíni. Níbí, mo lè wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí n má gbọ́ "ẹ káàárọ̀" kan. Ohùn yín ni àárò rẹ̀ ń sọ mí jù, bí ẹ ṣe máa ń lé rósárì ní èdè Ọ̀kà, tí ẹ óò dá a dúró lágbedeméjì láti lé ewúrẹ́, tí ẹ óò sì bá a lọ láti ibi tí ẹ dé.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo ní: ìyá òyìnbó kan, opó, tó ń gbé ilé kejì sí wa. Líńdà ni orúkọ rẹ̀. N kò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi. Lọ́sàn-án ló máa ń wá. Òun á máa fi òwú hun aṣọ òtútù, èmi á máa ṣa ẹ̀wà. Bí Fúnmi bá wà nílé, á máa túmọ̀ fún wa.

Lọ́jọ́ kan, àwa mẹ́ta jọ ń wo tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n gbé àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan jáde, wọ́n wọṣọ bíi ṣọ́jà, wọn kì í sì í ṣe ṣọ́jà. Ìbọn ńlá wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi rósárì wé ẹnu ìbọn bí ẹni ń di igi. Fúnmi ní oníròyìn ń sọ pé rósárì ti di àmì ogun lọ́wọ́ àwọn aláṣejù kan. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní ṣé èyí náà ni wọ́n ń pariwo lé lórí? Mo dìde, mo lọ já àwòrán Bàbá wa olóògbé lára ògiri pálọ̀, èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ ìkórè: ṣakabùlà léjìká, rósárì lọ́rùn, ìgalà nílẹ̀. Mo ní kí Fúnmi sọ fún Líńdà pé ìṣó kan náà ni méjèèjì ń gbé kọ́ nílé wa, pé ìgbà kan náà ni Bàbá ń mú wọn sọ̀ kalẹ̀ bó bá ń lọ oko. Fúnmi kọ̀, kò túmọ̀. Mo bá fọwọ́ ṣe é fúnra mi. Mo nàka sí rósárì, mo nàka sí ìbọn, mo gbá àyà mi, mo rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kó òwú rẹ̀, ó jáde. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò yọjú.

Fúnmi bá mi jà. Ó ní mo ti ba òun lórúkọ jẹ́ ládùúgbò. Ó ní kí n gbé àwòrán Bàbá kúrò ní pálọ̀, kí n sì máa ti rósárì mi bọ inú aṣọ bí mo bá ń jáde. Mo ní ṣé mo jí i ni? Mo bi í pé àwọn oníròyìn yìí, ṣé wọ́n ti dé Òkè Màríà tiwa ní Ọ̀kà rí, kí wọ́n ya àwọn obìnrin tó ń fi orúnkún wíwú gòkè, tí ohun ìjà wọn kò ju omi inú ike lọ? Ọkùnrin mẹ́ta fi ìlẹ̀kẹ̀ wé ìbọn, àwọn oníròyìn ní ẹ wá wo Kátólíìkì. Ó ní Màmá, wọn kò sọ pé gbogbo yín. Mo ní àwòrán tí wọ́n mú jáde ti sọ ọ́.

Ìgbà náà ni Fúnmi wá sọ ohun tí kò sọ fún mi látọjọ́ yìí. Líńdà bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo. Ọmọ náà lọ ra búrẹ́dì, ẹnì kan wọ ṣọ́ọ̀bù náà tòun tìbọn, ó sì yìnbọn pa á. Kò sí rósárì níbẹ̀, kò sí ẹ̀sìn níbẹ̀, ìbọn nìkan ni. Mo bi Fúnmi pé kí ló dé tó jẹ́ kí n máa pe abiyamọ lórúkọ bí ẹni ń pe ọmọdé. Ó ní bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn.

Ìyá mi, mo jókòó ti àwòrán náà, mo wá rántí ohun kan. Ẹ̀yin lẹ ó jẹ́rìí mi. Bí Bàbá bá fẹ́ yìnbọn, ṣebí yóò kọ́kọ́ yí rósárì rẹ̀, kí àgbélébùú bọ́ sẹ́yìn ọrùn? Ó ní a kì í mú Jésù wo ẹnu ìbọn. Bó bá sì ti oko gba ṣọ́ọ̀ṣì, ìdí igi máńgòrò níta ló ń fi ìbọn tì sí. Wọ́n lè jọ wà lórí ìṣó. Bó bá di yíyìn, wọn kì í kọjú síbì kan náà. Èyí ni n kò sọ fún obìnrin náà. Àwọn tó fi rósárì wé ìbọn kò mọ̀ ọ́n, àwọn tó ń gbé àwòrán wọn kiri kò sì bèèrè.

Mo gbé àwòrán Bàbá wọ yàrá mi. Kì í ṣe ìtìjú. Mo gbé e kúrò lójú ẹni tí ìbọn pa ọmọ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n rósárì mi, n kò tì í bọ aṣọ. Mo dín àkàrà, mo wọ bàtà Fúnmi, a la yìnyín kọjá. Obìnrin náà ṣílẹ̀kùn, ọrùn mi ló kọ́kọ́ wò kó tó wojú mi. N kò bò ó. Mo ní kí Fúnmi sọ pé mo wá kí i kú ọ̀fọ̀ tí n kò mọ̀, kó sì bi í léèrè orúkọ ọmọ náà. Fúnmi ní òyìnbó kì í bèèrè bẹ́ẹ̀. Mo ní kó bèèrè. Obìnrin náà di ilẹ̀kùn mú, ó pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi òun. Ó gba àkàrà. Kò ní ká wọlé, kò sì tíì wá jókòó tì mí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ òní ó gbé àwo àkàrà wa padà wá, ó fi ápù sínú rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán yín rèé. Bí oṣù kọkànlá, oṣù àwọn òkú, bá dé, tí ẹ bá ń kọ orúkọ àwọn ènìyàn wa tó ti kú fún Fadá láti gbàdúrà fún, kí Bàbá Katikísì kọ Dáníẹ́lì ọmọ Líńdà tẹ̀lé orúkọ Bàbá. Ẹ má bi mí bóyá ọmọ ìjọ ni. N kò bèèrè. Kí ẹ̀yin fúnra yín pe orúkọ rẹ̀ sókè.

Ó wù mí kí n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọmọ Fúnmi kò tíì rìn. Ìyá mi, ẹ má kú kí n tó dé. Ẹ máa jẹun, ẹ má bá Dúpẹ́ jà lórí oògùn. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí Màríà Mímọ́ bo ilé wa. Ẹ bá mi kí àwọn ìyá ìjọ, àti àwọn ará Arigidi tó máa ń bá wa gòkè, àti gbogbo ẹni tó bá bèèrè mi. Ẹni tí kò bá bèèrè, ẹ kí i pẹ̀lú.

Èmi ni, ọmọ yín,
Felísíà