Okùn Mẹ́fà Ara Myrtle

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Ẹrẹ́nà

Yorùbá ni màá máa fi kọ ìwé yìí báyìí. Mo fẹ́ kí ọwọ́ mi tún mọ̀ ọ́n. Ìdí mìíràn: kò sẹ́ni tó lè kà á nínú ilé yìí, ohun tí mo sì fẹ́ kọ kò dáa.

Màmá ti gba ẹlòmíràn síṣẹ́. (Mísì Verlene ni gbogbo Nashville ń pè é. Nínú ìwé yìí, Màmá ni.)

Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń tọ́jú gìtá Verlene Tackett. Mọ́kànlélógún ni wọ́n. Mo mọ èyí tí òtútù ń dà láàmú, mo mọ èyí tí ooru ń mú wú. Èmi ni mo ń fi òwú àti sípíríìtì nu ẹnu ẹ̀rọ téèpù kí Burl tó dé láràárọ̀ wá gbohùn sílẹ̀. Èmi ni mo ń fọ ìbọ̀sẹ̀ Hollis tí a fi ń bo máíkù àtijọ́. Ìbọ̀sẹ̀ ọkọ Màmá tó ti kú. A ò gbọdọ̀ fi nǹkan mìíràn bò ó, ohùn rẹ̀ kì í jáde bó ṣe yẹ. Gbogbo Tennessee ló mọ ohùn yẹn. Èmi ni mo mọ ìbọ̀sẹ̀ náà.

Everett Ratliff lorúkọ ẹni tuntun yìí. Láti orí òkè Kentucky, ìlú Màmá gan-an. Ọdún mẹ́ta péré ni mo fi jù ú. Ó ṣí fìlà: "Ẹ káàárọ̀ mà." Bíi pé mo ti hu ewú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Màmá gbé Myrtle lé e lọ́wọ́. Lónìí. Ọjọ́ kejì!

Myrtle ni gìtá tó fi kọ gbogbo orin tó sọ ọ́ di ẹni tó jẹ́. Ó dàgbà ju bàbá mi lọ. Èékánná Màmá ti ha igi rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Odindi ọdún kan ni mo fi ń gbé àpótí rẹ̀ kiri kí n tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣí i.

Everett kúnlẹ̀. Ó fi oríkèé ìka kan ẹ̀yìn rẹ̀ kó-kó-kó, ó fi etí lé e. "Igi kan ti tú nínú ikùn ẹ̀, lápá òsì."

Òótọ́ ni. Ọdún mẹ́ta, mi ò gbọ́ ọ.

Màmá ní: "Ẹ wo ọwọ́ ẹ̀rọ̀! Ṣúgà, wá wo ọwọ́ ọmọ yìí." Ṣúgà, èmi nìyẹn. Ahọ́n wọn ò gbé Ìbídùnní.

Mo wò ó. Ọwọ́ lásán ni.

Láti òní lọ, Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ lorúkọ rẹ̀ níbí.

Ọjọ́rú, 9

Ó ti lẹ igi inú Myrtle padà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ó lẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, 10

Níbi oúnjẹ ọ̀sán — ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo — Màmá là á mọ́lẹ̀. Àwo orin tí a ń ṣe yìí ni ìkẹyìn òun. "Mo ti pé méjìdínlọ́gọ́rin. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ bí eékún mi ṣe ń dún, ó ju ìlù lọ." Bó bá parí, ẹnì kan ni òun máa fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá gìtá. Ẹnì kan ṣoṣo. "Ẹni méjì kì í di ìjánu ẹṣin kan mú."

Ó wo èmi. Ó wo Everett. Ó bu ẹ̀wà sí i.

Burl fi ìgúnpá gbún mi: "Ṣúgà, ojú ẹ pọ́n ju ata lọ. Jẹun jàre."

Mo fẹ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn. Mi ò fẹ́ kó kan ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Everett ń kọrin bó ṣe ń gbálẹ̀. Ohùn rẹ̀ náà dùn. Kí ló wá kù?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Lọ́jọ́ Ajé, a máa gba orin Hollis sílẹ̀. Orin tí Màmá kọ nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, tí kò tíì kọ sétí ẹnikẹ́ni láti ọdún mọ́kànlá. Myrtle ló máa fi kọ ọ́. Ó ní kí Everett tún Myrtle ṣe dè é. "Ohun tó bá rú ẹ lójú, bi Ṣúgà." Màmá sì lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Knoxville.

Everett bi mí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, pílásì lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, okùn ara Myrtle ti dípẹtà. Ṣé kí n pààrọ̀ ẹ̀? Àbí ó nídìí tí wọ́n fi fi í sílẹ̀?"

Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ní ìlú yìí, ẹni tó bá gbé gìtá olókùn ìpẹtà wá síbi tí wọ́n ti ń gbohùn sílẹ̀, kò ní ríṣẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ti Myrtle yàtọ̀. Hollis ló fi okùn wọ̀nyẹn sí i lọ́jọ́ Àìkú kan. Lọ́jọ́rú, ó kú. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n àfi Màmá tó bá ń ta á. Okùn náà ti kú, kì í dún gooro mọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ ìbora. Burl mọ̀. Èmi náà mọ̀.

Mo ní: "Ṣebí ìwọ lọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀. Ṣe bí ọwọ́ ẹ bá ṣe wí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó dúpẹ́. Ó dúpẹ́ o!

Ọjọ́ Àìkú, 13

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lọ wo Myrtle. Okùn tuntun, ó ń kọ mànà.

Mo ṣí dúrọ́ọ̀ Everett. Àpò ìwé kan wà níbẹ̀. Kò gé okùn àtijọ́ náà! Ẹlòmíràn ì bá fi pílásì gé e dà nù. Ó tú wọn jẹ́jẹ́, ó ká wọn bí òrùka, ó fi òwú dì wọ́n, ó kọ nọ́ńbà sórí ìwé kékeré so mọ́ wọn, ení dé ẹ̀fà. Ó kọ sára àpò náà: "Ti Myrtle. Ẹ má dà á nù."

Ìyẹn ni pé bí Màmá bá bínú, á kàn mú un jáde. Wọ́n á foríjì í. Wọ́n á tún yìn ín.

Àpò náà wà nínú ìwé yìí báyìí, láàárín ojú ewé yìí àti èyí tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ Ajé, 14

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Màmá ta Myrtle. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo okùn náà.

"Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni mà." Ojú Màmá ni Everett fi mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó sáré lọ síbi dúrọ́ọ̀. Ó padà lọ́wọ́ òfo. Ó ń búra pé inú àpò ìwé lòun kó o sí, pé òun kò dà á nù. A tú gbogbo ilé. Èmi náà tú u. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì!

Everett jáde lọ tú garawa ìdọ̀tí wò. Màmá sún mọ́ mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀: "Ṣúgà. Ṣé kò bi ẹ́ ni?"

"Kò bi mí, mà."

Mo yíjú. Everett wà lẹ́nu ọ̀nà, omi ìdọ̀tí ń kán lápá aṣọ rẹ̀. Ó yíjú, ó padà síta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15

Ó ti lọ. Màmá kò pariwo. "Máa lọ sílé, ọmọ mi. Kì í ṣe ìbínú. Mi ò kàn lè máa wo ọwọ́ ẹ."

Màmá ò dúró kí àwo parí mọ́: kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́rùn mi. Okùn pupa ni wọ́n so ó mọ́.

Ọjọ́rú, 16

Kọ́kọ́rọ́ yìí tutù.

Ọjọ́bọ̀, 17

A tún orin Hollis gbìyànjú. Burl ní ohùn Myrtle ń dán bí eyín ẹni tó ń ta mọ́tò. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kẹta, Màmá dúró láàárín orin. "Ọwọ́ Hollis ò sí níbẹ̀ mọ́." Ó ní kí Burl yọ orin náà kúrò, àwo náà á jáde láìsí i. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lórí máíkù. Ó ki í bọ àpò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19

Bí mo bá dá okùn padà, kọ́kọ́rọ́ lọ. Bí mi ò bá dá a padà, orin lọ. Orin tí mi ò tíì gbọ́ parí.

Ọjọ́ Àìkú, 20

Bàbá mi pè. Inú rẹ̀ dùn pé mo ń kọ Yorùbá. Mo ní kó sọ nǹkan kan fún mi nípa òjòwú, pé mo fẹ́ kọ ọ́. "Òjòwú kì í lẹ́ran láyà," ó ní. "Ta ló ń jowú ẹ?"

Mo ní kò sẹ́ni tó ń jowú mi.

Ọjọ́ Ajé, 21

Mo jí kùtùkùtù. Mo tú okùn tuntun. Mo fi ti Hollis padà, nọ́ńbà kan lẹ́yìn òmíràn. Ìwé Everett lára wọn, rébété.

Màmá wọlé pẹ̀lú bàtà ilé, ife kọfí lọ́wọ́. Ó na ọwọ́ kan, ó ta okùn náà. Ó jókòó sórí àga Burl wọ̀ọ̀.

"Níbo?"

"Nínú ìwé mi, mà."

"Ó bi ẹ́?"

"Ó bi mí."

Mo bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, mo gbé e sórí tábìlì. Kò wò ó. Kọfí rẹ̀ tutù. Ó ní: "Pè é. Ìwọ gan-an. Mi ò ní kọrin lórí okùn yìí títí tó fi máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ."

Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹrin. Mi ò kí i. Mo ní: "Èmi ni mo mú un."

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n. Mo gbọ́ irọ́ yẹn."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ìbéèrè tirẹ̀ ló bi mí: "Ẹ ti fà á padà sórí? Okùn karùn-ún ńkọ́? Ó ti ń já nídìí. Ẹ má fà á le lẹ́ẹ̀kan o. Ẹ jẹ́ kó sinmi, kẹ́ ẹ tó tún fà á."

Mo wo karùn-ún. Fọ́nrán kan ti yọ lára rẹ̀ lóòótọ́, tín-ín-rín. Mo dẹ̀ ẹ́. Mo dúró. Mo tún fà á, díẹ̀díẹ̀. Ó mú.

Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí àga láìpa á. Ó yọ ìbọ̀sẹ̀ nínú àpò, ó fi bo máíkù. Burl dé, ó kùn nípa fóònù náà, ó tan téèpù.

Orin Hollis. Mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Ó parí. Ohùn Everett ló kọ́kọ́ jáde látinú fóònù: "Kò já!"

Màmá rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. "Máa bọ̀ nílé, òmùgọ̀." Ó kọjú sí mi: "Mú kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ìwọ lo máa fún un."

Okùn ni Everett ń gbọ́, nígbà tí gbogbo wa ń gbọ́ orin. Mo ń jowú rẹ̀. Ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22

Ó dé ní aago mẹ́wàá. Ó ṣí fìlà. Mo fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, mo sì wo ọwọ́ náà dáadáa.

Ọwọ́ ẹ̀rọ̀ ni.