Kọ́kọ́rọ́ Wà Lápò Ọ̀gá

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀gá yìí ti dá mi lágara!

Iná wà lónìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà wà, àwọn méjèèjì tí kì í pàdé. Ìyá Ràfíátù gun ọ̀kadà láti Kuta wá sí ọ́fíìsì wa níbi tí a ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun, ó wá gba ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n máa parí kíkọ orúkọ ìdánwò nílé ìwé ọmọ náà.

Gbogbo àkọsílẹ̀ ìbí la ti kó lọ sórí kílaòdù, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó má baà sọnù mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá nìkan ló mọ pásíwọ́ọ̀dù. Ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí ìpàdé ní Òṣogbo.

Mo pè é. Ó ní, "Àlàájà, ẹ ní kó dúró. Ṣé orí fóònù ni kí n ti máa pe pásíwọ́ọ̀dù ìjọba?"

Ìyá Ràfíátù wojú mi. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kọ orúkọ ọmọ yìí sílẹ̀ lójú mi?"

Èmi ni.

Aago mẹ́rin ni ìyá náà padà lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀pà tó gbé wá fún mi ṣì wà nínú báàgì mi, ojú ń tì mí láti jẹ ẹ́.

Ọ̀gá dé ní aago márùn-ún pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní ọ̀rọ̀ kílaòdù ni wọ́n sọ nípàdé. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Kọ́bọ́ọ̀dù tí ìwé ìbí gbogbo ìlú kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ tẹ́lẹ̀, ìwé kékeré yẹn nìkan ló kù síbẹ̀, òun ni ọ̀gá sì ń tì mọ́lé.